Kọ̀ǹpútà Kú Lójijì, A Pe Ọmọ Ọlọ́mọ Lólè

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń fi gègé jẹun nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Mo ti bá òṣèlú wí, mo ti bá awakọ̀ wí, mo ti bá àwọn tó ń bu omi la epo pupa wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ará ìta wí tí kì í bá ara rẹ̀ wí, ẹ̀tàn ni gbogbo ìbáwí rẹ̀. Nítorí náà, ara mi ni n ó kọ́kọ́ nà lẹ́gba lónìí, kí n tó kọjú sí ẹlòmíràn.

Ìkòyí ni ilé mi. Ẹ má rò pé Ìkòyí ti Èkó ni mo ń wí o, níbi tí àwọn olówó ń gbé. Ìkòyí tèmi wà nítòsí Ìkirè àti Apòmù, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí iná bá wá níbẹ̀, àwọn ọmọdé a hó yèè. Bí ó bá lọ, kò sẹ́ni tí í bèèrè ibi tó gbà.

Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ló ní òun ń fẹ́ kọ̀ǹpútà alágbára, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe géèmù. Ẹ má tíì yọ ṣùtì sí i. Lóòótọ́, ó fẹ́ràn géèmù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ló fẹ́ máa fi gé fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà, kí ó lè máa fi rí owó ilé ìwé díẹ̀díẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe dandan kí a rà á ní odidi. A lè ra ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni ń ra ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, kí a wá tò wọ́n pọ̀. Ọmọdékùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkirè ló kọ orúkọ gbogbo wọn sí ìwé fún wa. Mo mú ìwé náà, mo wọkọ̀, ó di Ìkẹjà, ní Computer Village, ní àdúgbò Ọ̀tìgbà, níbi tí ènìyàn ti ń gbún ara wọn nígùn-ún apá bí ọjọ́ ọdún.

Mo ra gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ti kọ ọ́, àfi ohun kan ṣoṣo tí mo fi ọgbọ́n tèmi kún. Ẹ fi ibẹ̀ sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọdékùnrin náà wá sílé, ó to ẹ̀rọ náà pọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, iná aláwọ̀ mèremère tàn nínú rẹ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi se ìrẹsì. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ kú pii.

A tún un tàn, ó jí. Ọjọ́ kejì, ó tún kú. Nígbà mìíràn, ojú rẹ̀ a di aláwọ̀ aró, ìwé funfun a hàn lójú rẹ̀. Nígbà mìíràn, á kàn pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Ó lè kú nígbà tí ọmọ bá ń ṣe géèmù lọ́wọ́, ó sì lè kú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ibi tó burú sí ni pé ó lè lo ọjọ́ méjì gbáko láìkú rárá. Bí ẹ̀rọ bá kú pátápátá, ó sàn. Ẹ ó mọ̀ pé òkú ni. Èyí tó ń kú tó ń jí bí àbíkú, òun ló ń da orí ènìyàn rú.

Ìgbà náà la bẹ̀rẹ̀ eré wa. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yẹ̀ ẹ́ wò, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó pa Windows rẹ́, ó tún un gbé sí i, ó gbowó. Ọjọ́ méjì péré, ẹ̀rọ tún kú. Ó ṣí ibi tí Windows máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ó rí nọ́ńbà 41 níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà Kernel-Power. "Ẹ wò ó," ló wí, "páwà pákì yín ti kú." A ra páwà pákì mìíràn. Ọjọ́ méjì, ẹ̀rọ kú. A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní Ìbàdàn. Ìyẹn ní graphics card ni, ó gba owó, ó sì fi òmíràn sí i. Ọjọ́ méjì náà ni. Gbogbo ìgbà tó bá lo ọjọ́ méjì yẹn, a ó máa yin ẹni tó tún un ṣe, a ó gbàgbé pé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rárá, ó máa ń lo ọjọ́ méjì láìkú tẹ́lẹ̀.

Nílé wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn yọ. Ìbátan ìyàwó mi kan ní ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló wo ẹ̀rọ náà tìyanu-tìyanu lọ́jọ́ tí a gbé e dé. Ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Èmi rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀làjú ni mí, èmi kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àṣé àjẹ́ tèmi náà wà níbì kan. Mo jókòó, mo ro ó síwá sẹ́yìn, mo ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn ni. Òun nìkan ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ ní titun. Ó ti yọ èyí tó dára níbẹ̀, ó ti fi ògbólógbòó rọ́pò. Ta ni kò mọ̀ wọ́n?

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí ènìyàn pọ̀ jù. Mo pariwo. Mo pe ọmọ ọlọ́mọ lólè lójú gbogbo ayé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ń wí pé, "Dádì, mi ò mú nǹkan kan o." Ọ̀gá rẹ̀, tí kò fẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bàjẹ́, ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ó gba fúrídọ̀ọ̀mù. Opó ni ìyá rẹ̀, dòdò Ìkirè ló ń tà létí títì fún àwọn èrò ọkọ̀, owó dòdò yẹn ló sì fi san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Èmi padà sílé bí ẹni tó ti ṣẹ́gun.

Ẹ̀rọ kú lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Nígbà tó yá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un láti òkè délẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ máà bínú o. Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

Mo ní, "Kọ kí ni?"

Ó ní, "Ọjọ́ tó kú, aago tó kú, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, àti irú iná tó wà lára rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí. Èmi tí mo ń fi ìwé kíkọ jẹun, n kò kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ohun tó ń jẹ mí lówó tó sì mú mi ba orúkọ ọmọ ẹlòmíràn jẹ́. A ra ìwé kékeré kan. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀rọ kú ní ìgbà 7. Ìgbà 4 jẹ́ lórí iná ìjọba, ìgbà 2 lórí jẹnẹrétọ̀, ìgbà 1 lórí ínfátà nílé ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọbìnrin náà ní, "Iná kọ́." Ìgbà 3 jẹ́ nínú géèmù, ìgbà 4 kò sí géèmù rárá. Ooru ara ẹ̀rọ kò kọjá 70 rí, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí pròsẹ́sọ̀ bá ń sún mọ́ 100 ni ooru tó ń pa á. Ó ní, "Ooru kọ́. Ó ṣòro kó jẹ́ graphics card náà." Gbogbo èyí, tábà kọ́bọ̀ kan a kò ná. Ìwé àti bírò ni.

Ó wá ṣàlàyé nọ́ńbà 41 fún mi. Kò túmọ̀ sí pé páwà pákì ti bàjẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé Windows jí, ó sì rí i pé òun kò sùn bó ti yẹ kí òun sùn. Bí a bá fa wáyà yọ, yóò kọ 41. Bí ooru bá pa á, 41 ni. Bí ohun mìíràn bá pa á, 41 náà ni. Ó dà bí kí ènìyàn bá òkú lójú ọ̀nà, kí ó ní, "Ikú ló pa á." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ó pa á? Lórí nọ́ńbà yìí ni wọ́n fi ta páwà pákì fún mi.

Ó gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní MemTest86 sórí fíláàsì. Ètò yìí kò bá Windows da nǹkan pọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ nǹkan sínú ráàmù, kí ó máa kà á padà, kí ó wò ó bóyá ohun tó kọ náà ló bá níbẹ̀. Ráàmù ni àtẹ tí kọ̀ǹpútà ń pa ọjà rẹ̀ lé nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí àtẹ bá lu, ọjà á máa jò. Àyẹ̀wò yìí a máa gba wákàtí púpọ̀, iná kò sì gbọdọ̀ lọ láàárín rẹ̀. Ẹ rí wàhálà wa nílẹ̀ yìí! A ru ẹ̀rọ náà padà lọ sílé olùkọ́ tó ní sólà àti ínfátà. Kò tíì pé wákàtí kan tí ìlà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Bí ráàmù bá pé, àṣìṣe ẹyọ kan kò gbọdọ̀ hàn.

Méjì ni ráàmù inú ẹ̀rọ náà. Ó yọ ọ̀kan, ó fi ìkejì sílẹ̀, ó dán an wò mọ́jú: kò sí pupa. Ó yọ ìyẹn, ó fi ọ̀kan tó kù sí inú ihò kan náà: pupa yọ. Ó gbé e wá síwájú iná, ó ní, "Dádì, èyí kò bá èkejì rẹ̀ mu. 2400 ló wà lára èyí, 3200 ló wà lára ìyẹn. Ta ló rà á?"

Hà! Ibi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn kọ sí ìwé ni ráàmù méjì nínú páálí kan ṣoṣo, èyí tí ilé iṣẹ́ ti dán wò pọ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ra ọ̀kan ní titun, mo ra ìkejì ní tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí n lè fi owó díẹ̀ pamọ́. Lọ́jọ́ tó ń tò ó, ọmọ náà rí i. Ó ní, "Dádì, méjèèjì yìí ò bára mu o." Mo dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ sanwó ni?" Ó dákẹ́. Ó wọ̀n ọ́n mọ́ eré tó kéré, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọmọ tèmi, tó fẹ́ kí géèmù rẹ̀ máa sáré, wọ inú BIOS lọ, ó tan ohun tí wọ́n ń pè ní XMP, ó ní kí ráàmù méjèèjì máa sá eré 3200. Èyí tuntun lè sá a. Ògbólógbòó tèmi kò lè sá a, ó ń ṣubú lójú ọ̀nà.

Ahun bàbá àti ìwàǹwára ọmọ. Àjẹ́ kò sí níbẹ̀, olè kò sí níbẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. A dá eré rẹ̀ padà sí 2400, a sì tún dán an wò mọ́jú: kò sí pupa. Láti ìgbà náà, kò kú mọ́. Ohun tó wò ó sàn kò gbà wá ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí mo fi gbé gègé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé mi nìkan. Òwe àjẹ́ tó ké lánàá yẹn ti di ọ̀nà tí a fi ń tún gbogbo nǹkan ṣe nílẹ̀ yìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá, òmíràn ṣẹlẹ̀ lónìí, a ti so wọ́n mọ́ra, ẹjọ́ parí. A pààrọ̀ páwà pákì lánàá, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lónìí, páwà pákì ni. Ọmọ kan fọwọ́ kàn án lánàá, ó kú lónìí, ọmọ yẹn ni. Òwe náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti ba ilé jẹ́. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ kò lè mọ̀ pé ó ti sàn àfi tí ẹ bá dúró pẹ́ ju ìgbà tó gùn jù lọ tó ti fi ẹ yín sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí.

Kì í sì í ṣe àwa aláìmọ̀ nìkan. Nígbà tí pròsẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ti ilé iṣẹ́ Intel, tó jáde ní 2022 àti 2023, bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì lọ́wọ́ àwọn eléré géèmù káàkiri ayé, ohun tí géèmù máa ń kọ sójú ni pé ibi ìpamọ́ graphics card kò tó. Àwọn ènìyàn mú graphics card, wọ́n bú àwọn tó ṣe géèmù, wọ́n bú àwọn tó ṣe mọ́dábọ̀ọ̀dù. Oṣù Keje ọdún 2024 ni Intel fúnra rẹ̀ tó jáde sọ pé ìlànà inú pròsẹ́sọ̀ náà ló ń bèèrè agbára iná tó pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé ìlànà tuntun jáde, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìdánilójú àwọn pròsẹ́sọ̀ náà. Ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ kò lè tipa bẹ́ẹ̀ sàn mọ́. Ẹ rò ó wò, iye graphics card tí kò ṣẹ̀ tí wọ́n ti jù nù!

Ẹ fi wé àwọn tó mọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ìṣirò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mark II ń ṣe ségesège. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ tú u wò títí wọ́n fi bá kòkòrò kan, àfòpiná, láàárín rẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ aago sí i. Ìwé náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington títí di òní. Ọ̀pọ̀ ń sọ ìtàn yìí nítorí kòkòrò. Nítorí ìwé ni èmi fi sọ ọ́.

Àwa ará ìhà Apòmù kò sì ní láti lọ jìnnà láti mọ ohun tí ẹ̀sùn kékeré lè dà. Samuel Johnson òpìtàn ti kọ ọ́ pé ní ọjà Apòmù, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àríyànjiyàn lórí kíka ataare ló di ìjà, tí ìjà di ogun, tí ogun yẹn sì pa ìlú Òwu run. Ataare o! Ohun tí ẹni méjì ìbá jókòó tún kà.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yóò ti máa gbáradì láti bú mi. Mo ti gbọ́ tẹnu wọn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀kan nínú wọn wí fún mi lójú mi pé, "Ọ̀gá, bí mo bá gbé ẹ̀rọ yín kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí mo jó epo bẹntiróòlù lé e lórí, tí mo wá sọ fún yín pé mo kàn yí nọ́ńbà kan padà ni, èló lẹ máa fún mi?" N kò lè dá a lóhùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. A kì í sanwó fún wíwá, pípààrọ̀ là ń sanwó fún. Bí dókítà bá ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, a ó san án. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kò bá fi nǹkan tuntun hàn wá, a ó ní ó fẹ́ jẹ wá ní ìfà. Àwa fúnra wa la kọ́ wọn láti máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ní ẹ̀rọ, ẹ máa san owó wíwá, kí ẹ sì jẹ́ kó yàtọ̀ sí owó ohun èlò. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ àti aago sí. Bí ẹni tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí bá ní nǹkan méjì kò bára mu, ẹ má fi owó pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tó ń tún un ṣe, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀ tí ó sì sàn, ẹ kò mọ èyí tó wò ó. Ohun tí ẹ kò dán wò, ẹ má tà á. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni í. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó lé ọmọ iṣẹ́ yín nítorí ariwo oníbàárà, ẹ ní kí oníbàárà fi ẹ̀rí hàn. Ariwo kì í ṣe ẹ̀rí, èmi tí mo pa á ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ní ọjọ́ ọjà náà ni, kí ojú tó rí ti àkọ́kọ́ lè rí ti ìkejì. Mo sọ ọ́ lóhùn òkè pé èmi ni mo ṣẹ̀. Ọ̀gá gba ọmọ náà padà. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ dòdò, mo bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà kò bú mi. Ó pọ́n dòdò sínú ewé fún mi, kò gba owó, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Dádì. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ tàkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo wọn ló wà lọ́jà lónìí."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ráàmù tí mo rà ní àrùnpọ̀ ti ní àtúnṣe. Orúkọ ọmọ yẹn, mo ṣì ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn.